Ohùn Tí A Kò Gbọ́: Ìfìwàwẹ̀dá àti Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn nínú The Interpreters ti Wọlé Ṣóyínká

Ìfáàrà

Nínú The Interpreters, ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí ilé-iṣẹ́ André Deutsch tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1965, ọmọbìnrin kan wà tí kò ní orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Egbo, ọ̀kan nínú àwọn olú ẹ̀dá-ìtàn, mú un lọ sí etí odò Ògùn. Ibẹ̀ ni ó ti mọ ọkùnrin fún ìgbà àkọ́kọ́, oyún sì dúró. Àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀sín níbi tí wọ́n péjọ sí láti ṣe fàájì. Ọ̀rọ̀ oyún yìí kan náà sì wà lára ohun tí ó da àárín àwọn ọ̀rẹ́ tí ìtàn dá lé lórí rú. Síbẹ̀, láti ojú-ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, kò sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀. Òǹkàwé mọ ohun tí Egbo ń rò nígbà tí ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú-omi. Ó mọ ìran tí Sagoe ń rí nígbà tí ọtí ń pa á. Ó mọ àlá tí Sekoni ń lá lójúran nípa odò àti ìdídò. Ohun tí ọmọbìnrin yìí ń rò nípa ayé ara rẹ̀ ni òǹkàwé kò rí kà.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni pé: ṣé òǹkọ̀wé gbàgbé rẹ̀ ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe òpó ìtàn? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní ìwé yìí kì í dé ìdí ìbéèrè náà rárá. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ìwé náà le. Òótọ́ ni, ó le. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú un rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́, àkékúrú ìtàn ni wọ́n ń fún un. Wọ́n á to ìṣẹ̀lẹ̀ láti orí èyí tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ dé orí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n á to orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á sì kọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sí àyè fún ẹni tí kò ní orúkọ.

Bí orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn ṣe wà nínú ìwé náà, láìsí àmì ohùn, ni iṣẹ́ yìí ṣe lò wọ́n. Ní ti àkọlé ìwé, ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jù lọ ní èdè Yorùbá ni “Àwọn Ògbufọ̀”. Ògbufọ̀ a máa gbẹnu sọ fún ẹni tí ó wà níkàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lóye ohùn rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí wúlò fún ohun tí ó ń bọ̀ níwájú.

Bí asọ̀tàn ṣe kúrò lójú agbo

Nínú àlọ́ àpagbè, àárín agbo ni asọ̀tàn ń jókòó sí. Gbogbo ènìyàn ń rí i. Ó mọ ohun tí Ìjàpá ń gbèrò, ó mọ ohun tí Yánníbo sè kalẹ̀, ó sì mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Bí ó bá dé ibi orin, agbo á gbè é. Bí ó bá parí, òun ni yóò sọ ẹ̀kọ́ tí àlọ́ náà kọ́ni. D. O. Fágúnwà kò jìnnà sí ètò yìí nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn ń sọ, akọ̀wé ń kọ, akọ̀wé sì ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó ń gbà á níyànjú. Ṣóyínká mọ ètò náà dunjú; òun ni ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì jáde ní 1968. Nítorí náà, kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà àwọn baba ni ó fi gba ọ̀nà mìíràn ní 1965.

Ọ̀nà mìíràn náà ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1890 sí 1940, ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní nínú asọ̀tàn arínúróde bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní 1890, William James, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé èrò ọkàn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí a so ní oríkèé-oríkèé. Ṣíṣàn ni ó ń ṣàn bí odò. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ yóò bèèrè bí ìtàn tí a tò lẹ́sẹẹsẹ ṣe lè fi ọkàn ènìyàn hàn bí ó ti rí gan-an. Ogun àgbáyé ti 1914 sí 1918 tún wá dá kún un. Kì í ṣe ogun nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn irú ìparun bẹ́ẹ̀, asọ̀tàn tí ó dúró gbọn-in, tí ó mọ ohun gbogbo, tí ó sì mọ ìdí tí ohun gbogbo fi rí bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí elékèé létí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé.

James Joyce tẹ Ulysses jáde ní 1922. Ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìlú Dublin ni gbogbo ìwé gbọọrọ náà dá lé. Virginia Woolf tẹ̀lé e pẹ̀lú Mrs Dalloway ní 1925. Nínú èyí, Clarissa Dalloway ń múra àríyá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kan nínú oṣù Júùnù ọdún 1923, Septimus Warren Smith, jagunjagun tí ogun ti da ọpọlọ rẹ̀ rú, sì ń rìn ní ìlú kan náà. Wọn kò pàdé rárá. Ìró aago ńlá ìlú wà lára ohun tí ó ń gbé òǹkàwé láti inú ọkàn kan bọ́ sínú òmíràn, ìròyìn ikú Septimus nìkan ni ó sì dé ibi àríyá. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ kó pọ̀ mọ́ àwọn àrà mìíràn ìgbà náà, tí wọ́n sì ń pè ní módánísíìmù.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni The Sound and the Fury, tí William Faulkner, ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi, tẹ̀ jáde ní 1929. Apá mẹ́rin ni ìwé náà ní. Benjy, ẹni ọdún 33 tí òye rẹ̀ kò kọjá ti ọmọdé, ni ó ni apá kìíní. Quentin ni ó ni èkejì, Jason ni ó ni ẹ̀kẹta. Asọ̀tàn aláìlórúkọ ni ó sọ ẹ̀kẹrin, níbi tí Dilsey, obìnrin adúláwọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé fún ẹbí náà, ti bọ́ sí iwájú. Ọ̀rọ̀ Caddy, arábìnrin wọn, ni ó gba ọkàn àwọn arákùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ń sunkún rẹ̀. Ọ̀kan kò lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́kàn títí tí ó fi pa ara rẹ̀. Ọ̀kan ń bú u ní gbogbo ìgbà. Caddy fúnra rẹ̀ kò ní apá kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí òǹkàwé mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí ó gba inú ọgbẹ́, ìlara tàbí ìbínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kọjá lọ, òǹkàwé sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yọ obìnrin náà kúrò lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun ìyanu ni pé ní 1929 yìí kan náà, ní Èkó, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà bìrí. Obìnrin ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìlànà ojú-mi-ló-ṣe, ọkùnrin tí ó ń kọ ọ́ sì fi ara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé kan fi gbà pé ènìyàn gidi ni. Kò sí ẹ̀rí kankan tí ó so Thomas pọ̀ mọ́ àwọn ará òkè òkun wọ̀nyẹn, iṣẹ́ yìí kò sì sọ pé ìkan kọ́ èkejì. Ohun tí ó hàn ni pé ìbéèrè ẹni tí a ó fi ohùn fún nínú ìtàn kì í ṣe àlejò nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá nígbà tí Ṣóyínká gbé kálàmù.

Ìgbà tí ìwé náà jáde

Ṣóyínká kẹ́kọ̀ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Yunifásítì Leeds ní 1954. Ó padà wálé ní 1960, ọdún òmìnira. Láàárín ọdún márùn-ún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dàrú ní 1962, ìdìbò gbogbogbòò ti 1964 sì dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ọdún tí ìwé yìí jáde, ìdìbò Ìwọ̀-oòrùn di ti wẹ́tìẹ̀. A kò lè sọ pé ìwé náà ń ròyìn wẹ́tìẹ̀, nítorí ó ti wà lórí àtẹ̀wé kí ìyẹn tó bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ń ròyìn ni ìran àkọ́kọ́ ọ̀mọ̀wé tí wọ́n padà láti òkè òkun tí wọ́n sì bá ipò tí òyìnbó fi sílẹ̀ nílẹ̀: Egbo ní iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Sagoe ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, Sekoni tí ó jẹ́ ẹnjiníà, Kola ayàwòrán, Bandele olùkọ́ yunifásítì. Lasunwon agbẹjọ́rò náà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní 1970 ni Heinemann fi ìwé náà kún ọ̀wọ́ àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀.

Omi gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀nà

Ilé ijó alẹ́ kan ní Èkó ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀, òrùlé ń jò, àwọn ọ̀rẹ́ jókòó yí tábìlì ká. Asọ̀tàn kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìfihàn. Ńṣe ni òǹkàwé dà bí ẹni tí ó já wọ àárín ọ̀rọ̀ onílé. Omi òjò tí ó dá ògòdò sílẹ̀ gba ojú Egbo, láìsí ìkìlọ̀ kankan, ìtàn sì ti wà lórí odò mìíràn, nínú ọkọ̀ tí ó gbé Egbo àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Osa, ìlú bàbá àgbà rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí ó ṣì jẹ́ olórí níbẹ̀. Odò yẹn ni àwọn òbí Egbo kú sí. Egbo gbọ́dọ̀ pinnu bóyá yóò gorí oyè tàbí yóò padà sí ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ ní Èkó. Kò pinnu. Ó ní kí atukọ̀ máa bá omi lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá àkókò ìṣẹ̀lẹ̀ yóò dààmú níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé omi kò ní sọnù, torí pé omi ni àfárá ìtàn yìí láti ìṣẹ̀lẹ̀ kan sí òmíràn. Láti ògòdò sí odò Osa. Láti Osa sí odò Ògùn níbi tí Egbo ti sùn lábẹ́ afárá láàárín àpáta lẹ́yìn òru àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Simi. Láti ibẹ̀ sí ìjọ Lazarus létí ọ̀sà. Láti ibẹ̀ sí òjò tí ó pa Sekoni lójú títì. Gbólóhùn tí ó parí ìwé náà fi ẹni tí ó ń rì sínú omi ṣe àfiwé fún ipò tí Egbo wà. Ìpinnu tí kò ṣe ní Osa ni ó ń lé e kiri láti omi dé omi. Bí olùkọ́ bá to ìtàn náà ní ìbámu pẹ̀lú ọdún tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìlépa yìí yóò parẹ́ pátápátá: òǹkàwé yóò mọ̀ pé Egbo lọ sí Osa nígbà kan rí, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé Egbo kò tíì kúrò níbẹ̀.

Sekoni akólòlò

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ohun tí ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí lè ṣe tí ti asọ̀tàn àtijọ́ kò lè ṣe, kí ó wo Sekoni. Nígbà tí òǹkàwé kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, akólòlò ni, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Sheikh. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já, ó ń há a lọ́fun, àwọn yòókù a máa dúró dè é, nígbà mìíràn wọn a bá a parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìtàn padà sẹ́yìn, tí ó sì wọ inú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ òkun ń gbé e bọ̀ wálé. Ibẹ̀ ni òǹkàwé ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá Sekoni jókòó kò lè rí: nínú ọkàn rẹ̀, Sekoni kì í kólòlò. Gbólóhùn ń ṣàn níbẹ̀ láìdúró. Ó ń rí ara rẹ̀ tí ó ń dí odò, tí ó ń wó òkè, tí ó ń fa iná mànàmáná já gbogbo ilẹ̀. Àlá ìgbà náà gan-an ni. Ní 1964, ọdún kan kí ìwé náà tó jáde, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdídò Kainji, tí wọ́n ṣí ní 1969.

Nígbà tí ó dé ibi iṣẹ́, tábìlì ni wọ́n fún un. Ó ń bu ọwọ́ lu ìwé ìsinmi, ó ń bu ọwọ́ lu owó kẹ̀kẹ́. Ó fẹjọ́ sùn, wọ́n sì lé e lọ sí Ijioha, ìletò kan tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, kí ó máa ṣe ohun tí ó wù ú. Ohun tí ó wù ú náà ni ó ṣe: ó kọ́ ilé-iṣẹ́ iná kékeré kan. Alága ìgbìmọ̀ bẹ òyìnbó amọṣẹ́ kan lọ́wẹ̀, ẹni yìí sì kọ ọ́ sínú ìwé pé pàǹtírí ni ohun tí Sekoni kọ́. Ẹnikẹ́ni kò tan ẹ̀rọ náà wò. Owó wà níbẹ̀ fún alága bí iṣẹ́ náà bá dúró, ó sì dúró. Sekoni lọ síbẹ̀ lóru láti fi hàn pé iná yóò tàn. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ọ̀ràn náà gbé e dé.

Ọgbọ́n tí ó wà níbí ju ti olóṣèlú búburú àti ẹnjiníà rere lọ. Asọ̀tàn arínúróde ìbá sọ fún wa pé Sekoni jẹ́ ẹni ńlá. Ṣóyínká kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ tí ń ṣàn nínú ọkàn àti ọ̀rọ̀ tí ń já lẹ́nu, lẹ́yìn èyí òǹkàwé kò tún ní rẹ́rìn-ín sí ìkólòlò rẹ̀ mọ́. Òǹkàwé nìkan ni ó gbọ́ Sekoni pé pérépéré. Sagoe gbìyànjú láti di ẹnu rẹ̀: ó lọ sí Ijioha, ó wádìí, ó kọ ìròyìn. Àwọn ọ̀gá ìwé ìròyìn náà kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn alágbára mìíràn: ẹ pa tiwa mọ́, kí a pa tiyín mọ́. Ògbufọ̀ tí ó fẹ́ sọ òótọ́ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòwò.

Nígbà tí Sekoni padà dé láti ìrìn-àjò mímọ́, igi ni ó ń gbẹ́. Ère oníjàkadì kan jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ya Kola, ayàwòrán tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà tipẹ́, lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó kú. Ìlà díẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi sọ ikú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì ìwé: òjò, ọkọ̀, òpin. Egbo sá lọ sí àárín àpáta rẹ̀, Sagoe ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọtí. Àwọn kan ń ka kíkúrú yìí sí àìbìkítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú lójú títì rí mọ̀ pé báyìí gan-an ni ìròyìn náà ń déni létí.

Àwọn tí a kò wọ inú ọkàn wọn

Kola ń ya àwòrán ńlá kan tí gbogbo òrìṣà wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ ni ó sì ń fi ojú wọn ṣe ti òrìṣà. Lazarus, àfín oníwàásù tí ó ní òun kú òun sì jí, di Òṣùmàrè. Joe Golder, ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọrin, di Erinlẹ̀. Egbo di Ògún. Inú Egbo kò dùn sí i. Ó ní Ògún tí ó mutí yó tí ó ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ nìkan ni Kola rí yà, kò ya Ògún alágbẹ̀dẹ tí ó ń dá nǹkan. Ẹ̀sùn rẹ̀ tọ́: ẹnì kan ti túmọ̀ òun láìbi òun. Ṣùgbọ́n ó rí ẹnu fi sùn. Ó ní ọ̀rẹ́ tí yóò gbọ́, ó sì ní ojú-ewé tí a ti lè kà á.

Noah kò ní. Ọmọ olè kan tí àwọn èrò fẹ́ lù pa ní Oyíngbò ni, Lazarus gbà á là, ó sì fún un ní orúkọ inú Bíbélì. Kola rò pé ojú rẹ̀ yóò wúlò fún àwòrán òun. Joe Golder fẹ́ ohun mìíràn lára rẹ̀, ọmọ náà sì já láti òkè ilé níbi tí ó ti ń sá fún un, ó kú. Oríṣiríṣi ìtumọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ń fún un kí ó tó kú. Ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀, ìwé náà kò sọ. Níhìn-ín ó ṣòro láti sọ pé òǹkọ̀wé gbàgbé. Ìdákẹ́jẹ́ Noah jẹ́ ẹ̀rí tí ó ń jẹ́ lòdì sí àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ yí i ká.

Ǹjẹ́ ohun kan náà ni ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn? Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jáde. Dókítà Lumoye, ẹni tí ó yẹ kí ó pa àṣírí aláìsàn mọ́, ni ó ń tú u káàkiri pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oguazor gbé ohùn sókè nípa ìwà ọmọlúwàbí. Òǹkàwé sì ti mọ̀ tipẹ́ pé Oguazor yìí, tí èso oníke kún ilé rẹ̀, ní ọmọbìnrin kan tí ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ bí fún un, tí ó sì gbé pamọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ìsọ̀tàn tí ó fọ́n ká ni ó jẹ́ kí nǹkan méjèèjì yìí kọlu ara wọn lọ́kàn òǹkàwé láìjẹ́ pé asọ̀tàn na ìka sí i. Bandele, tí ó ti ń dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ èpè, ọ̀rọ̀ nípa ìsìnkú àwọn ọmọbìnrin wọn.

Ṣùgbọ́n ní apá kejì, àwáwí yìí kò tó. Létí odò Ògùn, ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Síbẹ̀ ojú Egbo ni a fi ń wò ó ní gbogbo àkókò náà, ìrántí Egbo ni odò náà, ojúbọ Egbo ni àpáta náà. Simi, tí gbogbo ọkùnrin ń bẹ̀rù ẹwà rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni a mọ̀, a kò mọ ohun tí ojú náà ń rí. Dehinwa, ọ̀rẹ́bìnrin Sagoe, sàn jù wọ́n lọ: òun ń bá ìyá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò fẹ́, ó sì ń bá Sagoe wí nígbà tí ó bá yó. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn iye ojú-ewé tí ìwé náà fi gbé inú ọkàn àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ti obìnrin, òṣùwọ̀n náà yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Faulkner gbé Caddy sí àárín gbùngbùn kí gbogbo ènìyàn lè rí àyè tí ó ṣófo. Ṣóyínká kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àyè kan ṣófo nítorí pé ó fẹ́ kí ó ṣófo, òmíràn ṣófo nítorí pé kò bojú wo ibẹ̀. Ìwé kan náà ni méjèèjì wà, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ lè fi ìkan hàn yàtọ̀ sí èkejì nínú kíláàsì. Ọ̀nà kan tí ó rọrùn ni kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìran etí odò náà, kí wọ́n sì fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí kò lè jáde láti inú ọkàn Egbo. Àwọn ìlà náà kò ní pọ̀.

Èyí ni ó mú kí ìparí ìwé náà wúwo ju bí àkékúrú ìtàn ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní alẹ́ tí Joe Golder ń kọrin, ní àkókò ìsinmi, Bandele jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí Egbo. Ọmọbìnrin náà kò ní ṣẹ́ oyún náà. Ìpinnu àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe tán pátápátá nínú ìtàn tí ó kún fún àwọn tí kò lè pinnu nìyí, ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó sì ṣe é, níbi tí a kò sí. Ẹnu ògbufọ̀ ni ó gbà dé. Egbo béèrè ibi tí ó wà, Bandele kò sì sọ fún un. Simi ń dúró de Egbo ní ìta, aago sì ti ń pe àwọn òǹwòran padà sínú gbọ̀ngàn.